Ìbọn Kannakánná àti Ènì Ẹ̀tù

Òórùn ìbọn náà ló kọ́kọ́ kí mi kí ojú mi tó rí i. Ọkùnrin tó ń tà á fà á yọ látinú àpò aṣọ kan tí ọ̀rinrin ti jẹ, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà, òórùn òróró tó ti kan sì bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìlú kékeré kan ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ débẹ̀. Èépá orí ọkùnrin náà ti bọ́ sí èjìká rẹ̀, èékánná rẹ̀ dúdú, búrẹ́dì ẹlẹ́ja tó ń jẹ sì wà lórí káńtà kan náà, ẹ̀rún rẹ̀ ń bọ́ sára irin. Ó wò mí láti orí ìborùn dé bàtà, ó ní ṣé ọkọ mi ló rán mi ni. Mo fi ìwé àṣẹ ìbọn mi lé e lọ́wọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó tún wo fọ́tò. Nígbà tó dá a padà, ọ̀rá ẹja ti yí i, ọ̀rá náà ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ìbọn náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹnu rẹ̀ kéré débi pé ọmọ ìka mi ò lè wọ̀ ọ́. Àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí wọ́n ṣe é fún àwọn láti máa fi pa ọmọ kannakánná lórí igi, àwọn tí ìyẹ́ wọn ò tíì gbó, tí wọn ò tíì lè fò. Wọ́n á dúró sábẹ́ igi, wọ́n á máa yìnbọn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ẹran wọn ṣe páì. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni ọkùnrin náà fi ń ròyìn yìí fún mi. Ṣíọ̀! Bàbá mi ṣọdẹ ní ìgberíko Ìjẹ̀bú títí ó fi kú, kò yìnbọn fún ẹyẹ tí ò lè fò rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ìbọn náà sí èjìká, ó gún régé. Kò wúwo, kò gùn jù, igi rẹ̀ bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mu bí ìgbà tí wọ́n wọ̀n mí kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Mo rà á, mo sì gbé e wálé nínú àpò tuntun, láàárín àwọn èrò ọkọ̀ tó rò pé gìtá ni.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Láti Thamesmead dé Woolwich, ilé dé ilé, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí wọn, mò ń fún wọn lóògùn. Connaught Estate ní Woolwich la kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó wó o. Ní báyìí fúláàtì wa ò jìnnà sí Tavy Bridge ní Thamesmead. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń fara da ẹ̀gbin iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbin wo? Ìgbẹ́ arúgbó kì í ṣe ẹ̀gbin, omi gbígbóná àti ọṣẹ ń bẹ. Ohun tí àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá ń ṣe ló ń kó mi nírìíra.

Òyìnbó obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ mú mi lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí pátákó. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, mi ò sì fọwọ́ kan ìbọn rí. Nílé bàbá mi, obìnrin ò gbọdọ̀ dá ìbọn kọjá. Bí ṣakabùlà rẹ̀ bá wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìnkùlé ni èmi àti ìyá mi ń gbà wọlé. Èmi tí mi ò gbọdọ̀ dá a kọjá ni mo wá dojú bolẹ̀ sórí ẹní nílẹ̀ òyìnbó, tí mo yìn ín, tí ọta sì dá ihò sí àárín pátákó gan-an. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé nǹkan kan wà láyé tó jẹ́ tèmi, tí kì í ṣe ti ọkọ, tí kì í ṣe ti ọmọ, tí kì í ṣe ti arúgbó kankan. Mi ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kí wọ́n tó fún èèyàn níwèé àṣẹ ìbọn nílùú yìí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ka irun orí rẹ̀. Dókítà kọ̀wé, èèyàn méjì ṣe onídùúró fún mi, a kan àpótí irin mọ́ ògiri nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá wa, ọlọ́pàá obìnrin kan sì wá jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lórí itan. Ó là á yé mi pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà. Ọkọ ò gbọdọ̀ mọ̀, ọmọ ò gbọdọ̀ mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀, wọ́n lè gba ìwé, wọ́n á sì gbé ìbọn lọ. Ó wá bi mí pé ta ló máa mọ ibi tí mò ń fi sí.

"Èmi nìkan ni," mo dá a lóhùn.

Irọ́ ni. Inú ìka ìbọ̀wọ́ òtútù kan tó ti gbó, tó ń rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ni mo ti pinnu láti fi sí, ọkọ mi sì mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un. Ẹni tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń kírun, ṣé mo máa wá fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ fún un bí ẹni ń fi oúnjẹ pamọ́ fún olè? Bí mo bá sì kú lójijì ńkọ́? Ìyá mi ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé òyìnbó ni wọ́n, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹbí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi fọ inú ìbọn náà. Àkísà tí mò ń tì bọ̀ ọ́ ń dúdú jáde, ó tún jáde bí ewéko odò, ó tún jáde ní àwọ̀ kan bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni tí àyà ń dùn. Mò ń fọ ọ́, mò ń ṣépè fún gbogbo olówó tó yìn ín tí ò nù ún. Ọta rẹ̀ náà ò sí lọ́jà mọ́, àwọn tó ń ṣe é ti kógbá wọlé tipẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò máa fi to ọta rẹ̀: yóò fọ èèpo idẹ tó ti yìn tẹ́lẹ̀, yóò fi ìṣáná kékeré tuntun sídìí rẹ̀, yóò wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, yóò sì fi òjé dé e lórí. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀tù yẹn ni ikú àti ìyè. Ẹ̀tù òde òní lágbára ju ti ayé àtijọ́ lọ, irin ìbọn náà sì ti darúgbó. Ìwọ̀nba tó wà nínú ìwé ni mò ń wọ̀n, lórí òṣùwọ̀n kékeré bíi ti oníwúrà, ìsàlẹ̀ èèpo nìkan ló sì ń bò. Bó bá fi díẹ̀ lé, ìbọn lè là, ibi tó sì máa ti là ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi máa ń wà.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi dé láti Ìbàdàn, tó fẹ́ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ó ta pákó títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ṣọdẹ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí i. Ìyẹn ò nira fún mi, láti kékeré ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Àwọn ìwà rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Yóò rin pákò, yóò tu ìdọ̀tí rẹ̀ sínú síǹkì tí mo ti ń fọ ìrẹsì, òmíràn á bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì kọ́ridọ̀. Yóò ṣe àlùwàlá, omi á sì ṣàn láti báàfù dé ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Lọ́jọ́ kan ó gé èékánná ẹsẹ̀ lórí tábìlì tí mo ti ń to ọta, ọ̀kan ta sínú tíì mi. Ó ní kí n má bínú, kí n yọ ọ́, kí n máa mu ún lọ.

Ó bá mi níbi tí mo ti ń nu ìbọn lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, eku ni wọ́n ń fi èyí pa àbí kí ni?"

"Ìbọn kannakánná ni, Ẹ̀gbọ́n. Target la fi ń yìn."

Ó yọjú wo ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n. "Èyí nìkan? Ẹni tó ń fín áásáà gan-an ń lò jù báyìí lọ! Nígbà tèmi, àtẹ́lẹwọ́ la fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá dún, gbogbo abúlé á mọ̀ pé ọkùnrin wọ igbó."

Mo bá a rẹ́rìn-ín, torí àgbà ni. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń korò lẹ́nu mi.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo to ogún èèpo sórí pátákó oníhò, mo wọn ẹ̀tù sínú wọn tán, ó ku kí n dé wọn lórí. Fóònù dún. Ìyá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú ní Woolwich ti ṣubú nínú ilé ìdáná, kò sí ẹni tó lè tètè débẹ̀ bíi tèmi. Mo rọra gbé pátákó náà bí ó ṣe wà sínú àpótí irin, mo gbé ìgò ẹ̀tù tì í, mo ti àpótí náà pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú ìbọ̀wọ́, mo sáré lọ bá bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo padà, oòrùn ti ń wọ̀, ara mi ń ro mí. Mo gbé pátákó jáde, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú èèpo kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀tù náà ga díẹ̀. Mo rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn dọ́gba láìku ọ̀kan, mo wá ní ojú tó rẹ̀ ló ń tàn mí. Mo fi òjé dé gbogbo wọn, mo kó wọn sínú páálí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òyìnbó obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn ti ń dúró dè mí nínú mọ́tò nísàlẹ̀, ká lè jọ lọ yìnbọn lẹ́gbẹ́ wa. Ìbọn wà léjìká mi, páálí ọta wà nínú báàgì. Ẹ̀gbọ́n wà nídìí tábìlì, ó ń fi ìka yọ ẹyin tó há sí eyín rẹ̀.

"Ìyàwó, òní ni ìbọn yẹn máa tó sọ̀rọ̀," ó ní. "Bó bá dún, kí o rántí mi o."

Ẹsẹ̀ mi dúró. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe?"

"Ènì díẹ̀ ni mo bù sí i. Ṣé wọn kì í fi ènì sí ọjà nílẹ̀ yìí ni? Mo rí i pé o ń ṣahun sí ìbọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Mo padà sí yàrá. Mo mú òòlù oníke tí a fi ń tú ọta tí ò dáa, mo fi ọ̀kan sínú rẹ̀, mo nà án mọ́lẹ̀ títí òjé fi yọ, mo da ẹ̀tù inú rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Mo tú ìkejì, bákan náà. Mo tú ìkẹta. Ọwọ́ ọdẹ rẹ̀ kò gbọ̀n, ó bù ú dọ́gba fún gbogbo wọn, bí ìyá tó ń pín ẹran fọ́mọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ibi tí igi ìbọn máa ń fara tì.

Ọkọ mi ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wò ó ni," ó ní. "I just gave him the key. How I go tell am say no? Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Mo jáde sí pálọ̀, mo sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe wá sí mi lẹ́nu: "Ṣé orí yín pé ni? Ẹ fẹ́ fọ́ mi lójú! Àgbàyà!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ọ́, mo sì sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n ò bá mi jà. Ó wọlé, ó wọ jalabíà funfun àti fìlà, ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ jáde, ó jókòó lé e ní kọ́ridọ̀, ó ní kí wọ́n pe táàsì tó máa gbé òun lọ sí Heathrow. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí bàálù rẹ̀ gbéra. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún òyìnbó obìnrin náà pé kó máa lọ. Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, mò ń fi òòlù tú ọta yòókù, gbà, gbà, gbà, ọkọ mi sì ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóde. Mò ń retí pé yóò wọlé wá bẹ èmi náà. Nígbà tó wọlé, fóònù ló nà sí mi. Àǹtí ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, láti Ìjẹ̀bú.

"Ìyàwó wa, mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀," Àǹtí sọ. "Ẹni tó fi ènì sí nǹkan, ṣé ọ̀tá ni? Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Lọ kúnlẹ̀, kó tán ńbẹ̀."

"Àǹtí, mo lè kú!"

"O ò kú, alhamdulillah. Lọ kúnlẹ̀."

Ọkọ mi ń wolẹ̀. "Mummy, please. Just do it, kí ilé tòrò. Ṣebí o mọ̀ wọ́n."

Ohun tó ń kó mi nírìíra jù nínú gbogbo ayé mi nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ṣe é. Èmi ni. Mo jáde sí kọ́ridọ̀, mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, lórí ìdọ̀tí pákò rẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ọn. Ìyẹn ò jọ ti àárọ̀ tí mo fi ń kí i. Mo ní kó má bínú, mo ní iṣẹ́ Èṣù ni. Mò ń sọ ọ́, òjé àti idẹ ṣì ń rùn lọ́wọ́ mi. Ó jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàdúrà.

"Ọlọ́hun á dá ojú rẹ sí fún ẹ. Irin ò ní ṣe ẹ́ léṣe. Ìbọn rẹ ò ní yìn ẹ́."

Mo ní àmín. Ìgbà mẹ́ta ni mo ṣe àmín. Lẹ́yìn náà mo gbé ìrẹsì fún un, ó jẹ ẹ́, ó lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ mi sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Láti ọjọ́ yẹn mi ò lè gbé ìbọn náà sí èjìká mọ́. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, àfi bí ẹni pé mò ń kúnlẹ̀. Mo mú kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú ìbọ̀wọ́, mò ń gbé e kiri lọ́rùn, abẹ́ aṣọ, ó ń tutù sí mi láyà. Kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan níta. Bí mo bá dákẹ́, ìwé mi wà, ìbọn mi wà, ẹ̀gbọ́n á padà sílé. Ohun gbogbo ní kí n dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo parí iṣẹ́ ní Woolwich, mo lọ jókòó létí odò ní Royal Arsenal. Kófì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí, fúláàtì olówó gọbọi ló wà níbi tí wọ́n ti ń to ọta lásìkò ogun àgbáyé. Ìyá arúgbó tó ṣubú yẹn ti sọ fún mi rí pé obìnrin pọ̀ lára àwọn tó ń kó ẹ̀tù níbẹ̀, ìyá tirẹ̀ wà lára wọn, ẹ̀tù sọ àwọ̀ rẹ̀ di àwọ̀ iyeyè. Ó ní wọ́n á tú ara wọn wò lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ẹni tó bá ní ìṣáná kan ṣoṣo lápò ò ní wọlé, ọmọ ẹni yòówù kó jẹ́. Mo ronú kan ìbọ̀wọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kì í ṣe pé òyìnbó ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹbí. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n má sọ fún ọkọ mi. Mo pe nọ́ńbà ọlọ́pàá níbẹ̀.

Ọlọ́pàá obìnrin kan náà ló wá, ó jókòó sórí àga kan náà. Ẹ̀gbọ́n wà ní mọ́sálásí, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún un pé irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ kìíní, pé ọkọ mi mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, pé ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bu ẹ̀tù kún ọta mi. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ náà, pẹ̀lú ọ̀rá ẹja lára rẹ̀, ó gba ìbọn, ó gba páálí tí mo kó àwọn ọta tí mo tú sí. Ó ní òun ò lè ṣèlérí pé màá tún rí i gbà. Mo ní mo mọ̀.

Ó ti dìde kó tó wò mí lójú. Bóyá ó rí nǹkan lójú mi, bóyá ó kàn fẹ́ tù mí nínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ṣáà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn náà?"

Kọ́ridọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀. Mo ti jẹ́wọ́ gbogbo nǹkan fún un tán, ṣùgbọ́n èyí kọ̀, kò jáde.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ó kúnlẹ̀."